Ogbó Ni àbí Oògùn?

Ìyá àgbà gbàgbé ibi tó kó owó ọjà sí, ilé ní ọjọ́ orí ni. Bàbá dìde lórí ibùsùn, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú: ọjọ́ orí ni. Ẹnu ń gbẹ, ìgbẹ́ ń le, ìtọ̀ kò já geere mọ́, ojú ń ṣe bàìbàì: ọjọ́ orí náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yá lẹ́nu wa torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ara àgbà kì í ṣe ara èwe. Ṣùgbọ́n mo kọ orí yìí nítorí àwọn tí kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń dà wọ́n láàmú. Hóró oògùn kan ni, èyí tí wọ́n kọ fún wọn ní ọdún mẹ́ta, márùn-ún tàbí mẹ́wàá sẹ́yìn nígbà tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, tó sì ṣe wọ́n lóore lásìkò náà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó padà wò ó bóyá ó ṣì yẹ kí wọ́n máa lò ó.

Odawna ni mo fẹ́ ká ti wo ọ̀rọ̀ náà, ní ẹ̀bá Kwame Nkrumah Circle ní Accra, olú ìlú Ghánà. Ọjà tó kún fọ́fọ́ ni, odò Odaw ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn lọ sínú ọ̀sà Korle. Kò jìnnà sí Accra Psychiatric Hospital tí ìjọba amúnisìn ṣí ní 1906, tí àdúgbò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Asylum Down títí dòní. Ẹni tó ń tajà ní Odawna lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láé, nítorí ohun tí ará ọjà yóò sọ. Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní ìlú náà. Òfin tí ìjọba Ghánà lábẹ́ Busia gbé jáde ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969 fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó sì lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣòwò wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí. Àwọn kan ṣẹ́kù, àwọn mìíràn tún padà lọ. Ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti di arúgbó báyìí, yálà ó wà ní Accra tàbí ó ti wà nílé.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá oníṣòwò kan, ẹni ọdún 71, ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Mo kó ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ pọ̀ sára ẹnì kan ni. Ọkọ rẹ̀ kú. Kò lè sùn, kò lè jẹun, ọjà kò wù ú lọ mọ́, ó ń sọ pé kí Ọlọ́run wá mú òun náà. Dókítà fún un ní amitriptyline, hóró kan lálẹ́. Láàárín oṣù méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Gbogbo ẹbí dúpẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà yẹn kúrò níbẹ̀, ìwé oògùn sì sọnù. Nígbàkígbà tí oògùn bá tán, ìyá á rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí kẹ́mísì pẹ̀lú páálí òfìfo: "Màmá ní kí ẹ fún àwọn nírú èyí." Ọdún méje kọjá. Lásìkò yìí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé bá a, èyí tó ń mú un tọ̀ léraléra. Diclofenac wà fún orúnkún. Piriton wà fún ara yíyún, ó sì ń lò ó lọ́jọ́ tí oorun kò bá kùn ún tó. Bí ìyá bá ṣubú ní balùwẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, ta ni yóò rántí hóró kékeré alẹ́ yẹn?

Kí a tó dá oògùn lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń bá jà. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. J. C. Carothers kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ ní 1953. Ghánà gan-an ni èsì ti wá. Margaret Field, dókítà ọpọlọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí ojúbọ òrìṣà ní ilẹ̀ Ashanti, ó sì fetí sí àwọn tó wá tọrọ ìwòsàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ìwé rẹ̀, Search for Security, jáde ní 1960. Ó bá àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn, pé àwọn ti ba ti àwọn ọmọ àwọn jẹ́, pé àwọn kò yẹ lẹ́ni tó ń mí. Field mọ ohun tó ń ṣe wọ́n: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le gan-an ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣèwádìí láàárín àwọn àgbàlagbà tó ju 2,000 lọ, ẹni ọdún 65 sókè. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2007, nǹkan bí 26 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí láyé wọn, nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní in láàárín ọdún kan ṣáájú ìwádìí náà. Ní Odawna ńkọ́? Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2015, omíyalé àti iná tó ṣẹ́ yọ ní ilé epo kan ní Circle pa ènìyàn tó ju 150 lọ. Àwọn tí wọ́n pàdánù ọmọ àti ọjà lálẹ́ yẹn ń dàgbà sí i lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún arúgbó pé kó da oògùn náà nù, kó máa gbàdúrà nìkan, kò ṣe é lóore. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí a kò tọ́jú ń pa àgbàlagbà: àwọn kan kọ oúnjẹ, àwọn kan kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn. Ohun tí mò ń bèèrè fún ni pé kí ẹnì kan máa bójú tó oògùn náà.

Ní Switzerland, láàárín ọdún 1950 sí 1959, ni Roland Kuhn ti rí i pé imipramine ń gbé àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì dìde, bẹ́ẹ̀ àìsàn ọpọlọ mìíràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e wá. Amitriptyline tẹ̀ lé e ní 1961. Ó pọ̀, ó dínwó, ó sì wà nínú ìwé oògùn kòṣeémàní tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ní 1977. Ìdí nìyẹn tó fi wà ní gbogbo ilé ìwòsàn wa. Kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Wọ́n ń kọ ọ́ fún ẹsẹ̀ tó ń ta alátọ̀gbẹ bí iná, fún ẹ̀fọ́rí àtìgbàdégbà, àti fún àìróorunsùn. Arúgbó lè máa lò ó fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni.

Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà nìyí. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a rán an, oògùn náà máa ń dènà èròjà kan tí ara ń lò láti jíṣẹ́ láàárín iṣan àti ẹ̀yà ara, tí wọ́n ń pè ní acetylcholine. Èròjà yìí ló ń mú itọ́ jáde lẹ́nu, tó ń ti oúnjẹ lọ nínú ìfun, tó ń jẹ́ kí àpò ìtọ̀ fún pọ̀. Nínú ọpọlọ, ó wà lára ohun tí ìrántí gbára lé. Bí a bá dí i lọ́wọ́, ẹnu á gbẹ, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà torí itọ́ kò fọ̀ ọ́ mọ́, ìgbẹ́ á le. Bàbá tí pírósíteèti rẹ̀ ti wú lè máà lè tọ̀ rárá. Irú gílákómà kan wà tó lè tìtorí rẹ̀ ru sókè lójijì. Oògùn yìí tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ènìyàn bá dìde nílẹ̀, ó sì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Èwe lè fara da èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà kò yára mọ́, omi ara rẹ̀ ti dín kù, ọ̀rá ti pọ̀ sí i. Ìwọ̀n kan náà tó bá ẹni ogójì ọdún mu lè pẹ́ lára ẹni ọgọ́rin ọdún, kí ti òní sì máa gorí ti àná bí gbèsè tí a ń jẹ lé gbèsè. Piriton tí ìyá wa ń fi kún un ń dènà èròjà yẹn kan náà.

Àníyàn tó tóbi jù ni ti ìrántí. Ní 2015, Shelly Gray àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí lórí 3,434 àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè tí kò ní àrùn ìgbàgbé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣọ́ wọn fún ọdún tó ju méje lọ. Àwọn tí wọ́n lo oògùn tó ń dènà acetylcholine jù lọ, bí ẹni tó lò ó lójoojúmọ́ fún ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ, ní àrùn ìgbàgbé ju àwọn tí kò lò ó rárá lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ní 2018, ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi 40,770 ènìyàn tó ní àrùn ìgbàgbé wé 283,933 tí kò ní in. Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń dènà acetylcholine gidigidi tún fara hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún ewu náà kéré, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kò sí èyí tó fi hàn dájú nínú ìwádìí méjèèjì pé oògùn ló fa àrùn náà. Nígbà mìíràn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀ ni àrùn ìgbàgbé ń kọ́kọ́ gbà wọlé, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn kàn bá àrùn lójú ọ̀nà ni. Ohun tó dájú, tí kò ní àríyànjiyàn, ni pé àwọn oògùn wọ̀nyí lè mú kí ọ̀rọ̀ arúgbó máa dàrú lónìí, lọ́sẹ̀ yìí, kí iyè rẹ̀ má sì jí pérépéré. Èyí sì máa ń fúyẹ́ bí a bá dín oògùn kù. Àwọn kan wà tí ẹbí ti gbà pé wọ́n ti ń ṣarán, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí irú wọn ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ṣe ń kìlọ̀ pé kí a yẹra fún amitriptyline fún àgbà, ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ń fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké.

"Ẹ kúkú lo tuntun," ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn tuntun náà ni fluoxetine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987, sertraline, citalopram àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Lóòótọ́, wọn kì í gbẹ ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Carol Coupland àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nottingham wo àkọsílẹ̀ 60,746 àgbàlagbà tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àbájáde wọn ní 2011 ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu: ìṣubú àti àìtó iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń lo tuntun ju àwọn tó ń lo ti àtijọ́ lọ. Wọ́n rántí fi kún un pé ìwọ̀n díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ nínú ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé tó ní àgbà mọ̀. Oògùn náà lè mú kí ara di omi mú ju bó ṣe yẹ lọ, kí kíndìnrín má tú u jáde. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á wá lọ sílẹ̀. Èyí tó wà nínú oúnjẹ kò ṣàtúnṣe rẹ̀, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ arúgbó. Obìnrin àgbà ló máa ń mú jù, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ náà lè bọ́ sínú rẹ̀ bí wọ́n bá fi oògùn ìtọ̀ kún un. Orí á máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á yí padà; bó bá le, gìrì á mú un. Mo mọ ohun tí ilé yóò sọ: ayé ló ń ṣe Màmá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀, tí wọ́n wọn sodium inú rẹ̀, wọ́n á mọ̀. Bí iye náà bá wà lábẹ́ 135, ó ti lọ sílẹ̀.

Egungun náà ńkọ́? Ní Kánádà, wọ́n ṣọ́ 5,008 ènìyàn, ẹni ọdún 50 sókè, fún ọdún márùn-ún. Àwọn tó ń lo oògùn tuntun wọ̀nyí lójoojúmọ́ kán léegun ní ìlọ́po méjì. Òòyì àti egungun tó ti fúyẹ́ ló ń pàdé: ìṣubú tí ì bá fi ojú ọgbẹ́ lásán sílẹ̀ á wá kán ìbàdí, arúgbó tó kán ní ìbàdí kò sì dájú pé yóò tún rìn dé ọjà. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Serotonin, èròjà ara tí oògùn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lé lórí, wà lára ohun tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Ẹni tó bá ń lò wọ́n pọ̀ mọ́ diclofenac, ibuprofen tàbí aspirin lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn láìmọ̀, títí ìgbẹ́ rẹ̀ á fi dúdú bí ọ̀dà. Citalopram ní tirẹ̀ lè da ìlù ọkàn rú, nítorí náà, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà sọ ní 2012 pé ẹni tó bá ti ju 60 ọdún lọ kò gbọ́dọ̀ lò ju miligíráàmù 20 lóòjọ́.

Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ́ ti ọjà wa gan-an: tramadol, oògùn ìrora. Aláàárù ń lò ó, awakọ̀ ń lò ó, ìyá arúgbó tí ẹ̀yìn ń dùn náà á ní kí wọ́n bá òun ra "èyí tó ń gbà á lára yẹn." Tramadol fúnra rẹ̀ ń gbé serotonin sókè. Bó bá pàdé fluoxetine tàbí sertraline, gìrì lè dé, ara lè máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kí ara gbóná, kí inú máa ṣí. Ilé á ní ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà, tramadol á sì máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pa amitriptyline àti fluoxetine pọ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i pẹ̀lú, torí fluoxetine kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè tú amitriptyline ká.

Ẹni tó ti ka ibí yìí lè fẹ́ lọ gba oògùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí a bá já oògùn wọ̀nyí lójijì, ara á ṣọ̀tẹ̀: òòyì, àìsùn, àlá burúkú, ìbínú, ohun kan tó ń ta nínú orí bí iná mànàmáná. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé àrùn ló padà, nígbà mìíràn ó sì padà lóòótọ́. Ní 2021, Gemma Lewis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ àbájáde ìwádìí lórí 478 ènìyàn tó ti ń lo oògùn tipẹ́, tára wọn sì ti dá débi pé wọ́n ń ro ìdádúró. Nínú àwọn tó ń lò ó lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì padà sára 39 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí wọ́n rọra já lẹ́nu rẹ̀, 56 ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn kan nílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ mìíràn, 44 nínú ọgọ́rùn-ún, lè wà láìsí i. Kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ èyí tí ìyá rẹ̀ jẹ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2016 ni pé kí a lo oògùn náà fún oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá lẹ́yìn tí ara bá ti yá, kí a tó jókòó ro ìdádúró, kí a sì dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Fún ẹni tó ti lò ó lọ́dún méje, èmi ò ní kánjú bẹ́ẹ̀. Oṣù mélòó kan ló dára jù.

Kí la wá ṣe? Ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú àpò ọ̀rá kan: ti dókítà, ti kẹ́mísì, ti inú bọ́ọ̀sì, ti alágbo, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti London. Ẹ má fi ìkankan pamọ́ torí ìtìjú. Ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apoògùn, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n kọ ọ́ fún, ìgbà wo ló yẹ kó parí, èwo ló ń bá èwo jà. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ní ìjókòó àti ní ìdúró. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò sodium, àti ti ọkàn bó bá ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá ní ó ṣì nílò oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ó lè jẹ́ irú mìíràn ló yẹ, tàbí ìwọ̀n tó kéré sí i. Oògùn nìkan kọ́ sì ni ìtọ́jú. Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó ti aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ ní 2016, lórí 573 aláìsàn ní Harare, fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ gan-an. Kò sí ohun tó ní kí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ má wà ní Odawna tàbí ní Ọjà-Ọba nílẹ̀ Yorùbá.

Bí dókítà bá gbà kí ẹ dín oògùn kù, kí ẹnì kan nínú ilé máa kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n sílẹ̀, pẹ̀lú bí oorun, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá ṣe rí. Bí àìsùn tàbí òòyì bá dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ dín in, tó sì ń fúyẹ́, ara ló ṣeé ṣe kó máa bá oògùn dá gbére. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìbànújẹ́ dé, tí kò sì lọ, tí oúnjẹ kò wù ú, tó tún ń sọ pé kí Ọlọ́run wá mú òun, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ náà dání, kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.